Ọmọ Tí Mo Ní Kó Pe Àbúrò Rẹ̀

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rin kí ìyá ọkọ mi tó rí i níbi tó ti doríkodò. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, ní àgbàlá ilé wa ní àdúgbò Akpakpa. Màmá wá kí wa láti Porto-Novo gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà ń ṣeré níwájú wọn. Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ̀ síwájú títí irun orí rẹ̀ fi kan iyanrìn, ó sì ń wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Màmá gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Ó ń pe àbúrò rẹ̀. Ìyàwó mi, ṣé o rí i? Ó ti rí i lójú ọ̀nà!"

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Wọ́n gbà láàárín wa pé ọmọ kékeré tó bá ń wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àbúrò tó ń bọ̀ ló ń wò. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tèmi náà, mi ò sì gbà á gbọ́ rí. Kò sí ọmọ tó ń kọ́ bí ara rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tí kì í doríkodò. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sì máa ń lóyún lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ kò ní ṣàìrí ẹ̀rí. Irú nǹkan báyìí ni iṣẹ́ mi. Ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Ganhi, èmi ni mo máa ń yẹ fọ́ọ̀mù tí àwọn aṣèwádìí bá mú wá láti ìgbèríko wò, bóyá ohun tí ènìyàn kan sọ lójú ìwé kejì bá ohun tó sọ lójú ìwé kẹfà mu. Ohun tí mo kàwé gboyè lé lórí nìyẹn. Mo ń sọ èyí kí ó lè yé ẹni tó bá ń kà á pé àìmọ̀kan kọ́ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọmọ náà rí i pé òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Ó tún un ṣe. Màmá tún pàtẹ́wọ́, wọ́n sì wo ikùn mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé lọ gbé omi kaná.

Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọdún méjì tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ kejì. Àkọ́kọ́ wá láìjẹ́ pé a wá a. A ò tíì ra ibùsùn gidi nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, oyún kan bàjẹ́ lára mi, àrùn sì wọ inú mi. Dókítà wá sọ pé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá ti dí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní ohun tó kù ni kí wọ́n yọ ẹyin jáde, kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ mi níta, kí wọ́n sì dá ọlẹ̀ tó bá tibẹ̀ jáde padà sínú ilé ọmọ. Kò sọ pé yóò ṣeé ṣe. Ó ní ó lè ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán an.

A pinnu pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mo pinnu, ọkọ mi sì gbà. Ó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, mo ní rárá. Wọ́n máa ń sọ pé ọlọ́mọ kan kò tíì kúrò lágàn. Mo rò pé tí Màmá bá gbọ́ pé dókítà náà ti sọ ọ́, kì í ṣe òwe mọ́ nìyẹn, ó ti di ìwé ẹ̀rí.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, fún bí ọjọ́ méjìlá, mo máa ń gún ara mi lábẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ìdodo. Inú fíríìjì ni oògùn náà ń gbé, nínú ike bọ́tà tó ti tán, lẹ́yìn ata lílọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi ká mi mọ́ ilé ìdáná, mo ká aṣọ sókè, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi.

"Mama, kí ló dé tí ẹ fi ń gún ikùn yín?"

"Inú ló ń run mí."

"Ṣé ẹ jẹ bọ́nbọ́n jù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Má sọ fún Ìyá Àgbà o."

"Ṣé wọ́n máa bá yín wí?"

"Wọ́n máa bá mi wí gan-an."

Ó fi ìka kan ètè rẹ̀. Kò sì sọ. Ó jẹ́ ọmọ tí kì í tú àṣírí, mo sì yìn ín fún un. Mi ò rò ó nígbà yẹn pé ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ nípa àbúrò tí a ń wá fún un ni pé ó jẹ́ nǹkan tí a ń fi pamọ́.

Ilé ìwòsàn náà wà ní òdìkejì ìlú, lápá Fidjrossè. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹyin náà wò, ilé ìwé ọmọ mi wà ní ìsinmi, aládùúgbò tó máa ń bá mi mójú tó o sì ti rìnrìn àjò. Mo gbé e dání. A wọ takisí, nítorí dókítà ti ní kí n má gun ọ̀kadà.

Obìnrin márùn-ún ló wà ní yàrá tí a ti ń dúró de dókítà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká má mú ọmọ wá, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé a kì í mú ọmọ wá. Bí a ṣe wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dáwọ́ dúró. Obìnrin kan tó dàgbà jù mí lọ, tó ń sọ Yorùbá àwọn ará Porto-Novo, wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tìẹ ni?"

"Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"O ti bí, o tún wá síbí."

Mi ò mọ bóyá ìbéèrè ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin mìíràn tó jókòó sídìí fèrèsé sọ nǹkan ní èdè Fọ̀n fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ Fọ̀n. Ó ní ẹni tó ti yó gan-an ni kì í kúrò nídìí ìkòkò. Mo gbé ọmọ mi lé itan, mo sì ń wo ilẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè bínú.

Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí itan mi. Ó ti sú u. Ó bọ́ sí àárín yàrá, ó ya ẹsẹ̀, ó doríkodò.

Gbogbo ojú yí sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ará Porto-Novo kígbe.

"Áà! Ẹ wò ó! Ó ń pè é!" Ó na ọwọ́ sí i. "Ọmọ dáadáa, wá. Wá ṣe é níwájú tèmi náà. Rárá o, ìdí ni kó o kọ sí mi, kó o lè rí mi láti ibẹ̀ yẹn."

Ọmọ mi yí ìdí sí i, ó doríkodò, ó sì ń wò ó láàárín ẹsẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó kàn án náà pè é. Nọ́ọ̀sì yọjú láti bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná," ni ẹ̀gbọ́n yẹn wí. "Dókítà tiwa ti dé, ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yí ká yàrá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin ìdí fèrèsé, ẹni tó sọ̀rọ̀ ìkòkò, obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí àyè lè wà, ó sì dijú. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà dìde, ó fún un ní bisikíìtì kan, ó sì fọwọ́ kan ìka rẹ̀.

Ó yẹ kí n ti dá a dúró. Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mi ò fi dá a dúró. Mo lè sọ pé mi ò fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó kéré nínú òótọ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù ni pé wọn ò kà mí sí ọ̀tá mọ́. Ọmọ mi ti san owó ìwọlé mi.

Nínú takisí, bí a ṣe ń gba orí afárá padà sí Akpakpa, ó ń jẹ bisikíìtì rẹ̀.

"Mama, ṣé gbogbo àwọn màmá yẹn máa bímọ?"

"Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mo ṣe é fún gbogbo wọn."

Mo wo omi ọ̀sà. Àyè wà láti sọ fún un pé eré lásán ni. Èérún bisikíìtì ni mo gbọ̀n kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Ohun tó kàn ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, torí mo ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti rántí rẹ̀ bí eré. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ọlẹ̀ padà sínú mi ni. Ọkọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wá takisí. Ọmọ mi ti wọ aṣọ ilé ìwé, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá. Mo rántí dáadáa pé mo tì í.

"Ṣe é fún Mama," ni mo wí.

"Kí ni?"

"Èyí tí o ṣe fún àwọn màmá yẹn."

Ó doríkodò. Báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ó bọ́ sí i lórí, ó bò ó lójú. Mo bọ́ báàgì náà kúrò, mo sì ní kó tún un ṣe. Níbí ni gbogbo àwáwí mi ti máa ń tán. Ẹni tí kò gba nǹkan gbọ́ kì í ní kí wọ́n tún un ṣe.

"Ṣé o rí i?"

Orí rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. "Mo rí ilẹ̀kùn." Ó wá wo ojú mi. Mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yára fi kún un pé, "Mo rí i, Mama. Mo ti rí i."

Mo dì mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì gbà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì. Mo bọ́ sí orí àtẹ̀gùn kí n lè gbọ́. Obìnrin tó pè mí fohùn jẹ́jẹ́, ó ní kò dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà sídìí tábìlì, mo yẹ fọ́ọ̀mù mélòó kan wò, mi ò sì ṣe àṣìṣe kankan nínú wọn. Nílé, bí ọmọ mi ṣe ti ilé ìwé dé, ó ju báàgì sílẹ̀, ó bọ́ sí àárín pálọ̀, ó doríkodò, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láàárín ẹsẹ̀.

Mo ní, "Dìde ńbẹ̀. O ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní o wò ó dáadáa ni, ì bá ti wá."

Mo rò pé bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan rántí, kì í ṣe èyí tó máa dín in kù. Mi ò pariwo, ìyẹn ni mo sì rò pé ó burú jù, nítorí ọmọ mọ̀ pé ariwo máa ń kọjá lọ. Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ó lọ fọ ọwọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó lọ jẹun. Mi ò pè é padà.

Mi ò rí i kó doríkodò nílé mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti gbàgbé. Mo gba àìrí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀, n ó dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pè ní Tanti, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá. Mo bá ọmọ mi lórí àga kékeré kan, ó fi aṣọ tútù lé iwájú orí, ibẹ̀ ti wú bí ẹyin.

Tanti fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màdáámù, ọmọ yín ò bá àwọn yòókù ṣeré mọ́. Tí wọ́n bá ti jáde, á lọ sídìí ògiri, á doríkodò. Lónìí ó pẹ́ jù níbẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó fi orí gbá ògiri. Mo bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní òun ń kọ́ ọ ni. Kí ló ń kọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Eré ọmọdé ni."

Ọmọ mi gbójú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń há nǹkan sórí, tó fẹ́ mọ̀ bóyá èyí náà wà lára ohun tí a ń fi pamọ́. Nígbà tí a dé ojú títì, ó fà mí lọ́wọ́.

"Mama, mi ò sọ fún un."

Mo dúró lẹ́bàá títì níbẹ̀. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó. Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè sí mi bóyá mo fẹ́ gun, ojú sì ń tì mí lójú àwọn tí kò mọ̀ mí rí.

Ọkọ mi ti pe ìyá rẹ̀ nípa orí ọmọ tó wú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Màmá dé pẹ̀lú òrí nínú ike. Wọ́n gbé ọmọ náà sáàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi òrí ra á níwájú orí.

"Ta ló na ọmọ mi?"

"Ògiri ni, Ìyá Àgbà."

"Kí lo ṣe fún ògiri?"

Ọmọ náà wo ọ̀dọ̀ mi. "Kò ṣeé sọ."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Kò ṣeé sọ fún èmi? Èmi tí mo bí bàbá ẹ? Èmi tí mo mọ ìgbà tó ń tọ̀ sórí ẹní?"

"Ẹ bi Mama."

Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Ó kúrú, ó sì dáa: ó ṣubú nílé ìwé. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà kò mọ ohun tí mo sọ fún ọmọ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà ń wò mí, ó ti pa ẹnu pọ̀, ó ń bá mi ṣọ́ ọ. Bí mo bá pa irọ́ náà, mo mọ̀ pé yóò bá mi gbè é.

"Èmi ni mo ní kó máa doríkodò, Màmá," ni mo wí. "Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, mo sọ fún un pé òun ni kò ṣe é dáadáa."

"Kí ni kò ṣiṣẹ́?"

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀: oyún tó bàjẹ́, dókítà, abẹ́rẹ́, ọlẹ̀, ìpè orí fóònù. Kí n tó parí, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n dé ike òrí, wọ́n nu ọwọ́ wọn sí ìró.

"Ọdún méjì," ni wọ́n wí. "Mo ń pàtẹ́wọ́ níwájú ẹ, o ń wò mí níran. O rò pé n ó sọ̀rọ̀ sí ọ. Bóyá ǹ bá sọ ọ́ lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún ọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀, ìyàwó mi. Ibi tó o kọjú sí kọ́. Ọ̀hún ni kó o yíjú sí."

Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." A kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ tí a bí. Màmá fi ọwọ́ júwe ọmọ náà fún mi.

Mo yíjú sí ọmọ mi lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Ẹ̀rù bà á. A ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í dúró lórí àgbà, nítorí náà òun náà yára kúnlẹ̀. A wá kúnlẹ̀ síra wa níbẹ̀, orí rẹ̀ ń dán fún òrí.

"Ẹ̀bi ẹ kọ́," ni mo wí. "Ìtọ́jú dókítà ni kò ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí o lè ṣe sí i. Mo parọ́ mọ́ ọ."

Ó rò ó. "Ṣùgbọ́n èmi náà parọ́. Mo ní mo rí i. Ilẹ̀kùn ni mo rí."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn?"

Ìbéèrè yìí ni mi ò múra sílẹ̀ fún. "Mo mọ̀ nígbà yẹn."

Kò sọkún, kò sì dì mọ́ mi. Ó bi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá òun lè dìde, nítorí orúnkún ń dun òun.

Ọlẹ̀ méjì ṣì wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń fi òtútù pa mọ́ fún wa. Dókítà ní ìgbàkigbà tí a bá ti ṣe tán. Ọkọ mi ti ṣe tán. Màmá ní àwọn yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọn ò sì tíì dárí jì mí tán. Mo mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún oúnjẹ. Èmi ni mo ní kí a dúró. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, ọmọ mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó lè jẹ́ nígbà tí mo ń wẹ̀ fún un, tàbí nígbà tí a bá ń rékọjá títì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á: "Èmi kọ́, àbí?" Mo máa ń dúró, mo máa ń wo ojú rẹ̀, mo máa ń dáhùn pé òun kọ́. Á mi orí, á máa bá tirẹ̀ lọ. Mi ò tíì lè sọ pé ó gbà mí gbọ́, mi ò sì rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ kó tètè gbà mí gbọ́.